Dín àti Lé: Òǹkà Yorùbá àti Ìṣirò Àfọkànṣe fún Àwọn Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Chicago

Ìfáàrà

Bí ọmọ kan bá fi ogún dọ́là ra ohun tí iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là mẹ́tàdínlógún, èdè Yorùbá ti sọ ṣéńjì tí yóò gbà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò rárá. Mẹ́ta ni ó dín kí iye náà tó pé ogún. Mẹ́ta náà ni ṣéńjì rẹ̀. Ọmọ tí ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣírò kì í rí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ gbà lọ́dọ̀ orúkọ nọ́ńbà náà. Èje àti ẹ̀wá ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ń tọ́ka sí, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ ìdáhùn nínú méjèèjì. Ọmọ náà ní láti ṣe àyọkúrò náà fúnra rẹ̀.

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń kọ̀wé lórí ìṣirò tí ó wà nínú orúkọ àwọn nọ́ńbà Yorùbá. Síbẹ̀, abẹ́ gírámà ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbé ọ̀rọ̀ náà sí, bí ẹni pé ohun ìyanu inú èdè lásán ni. Ìbéèrè tí kò wọ́pọ̀ ni ti ohun tí irú òǹkà bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún ọmọ ọdún méje tí olùkọ́ rẹ̀ fẹ́ kí ó fi ọkàn ṣe àròpọ̀ láìmú pẹ́ńsù.

Ìbéèrè náà ṣe pàtàkì fún àwọn ìdílé Yorùbá ní Chicago àti ní àwọn ìlú ńlá mìíràn ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ lè ka ení dé ẹ̀wá láìkọsẹ̀, bí ẹni ń kọrin; díẹ̀ nínú wọn a sì kà á dé ogún. Lẹ́yìn èyí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó kù. Àwọn òbí mìíràn gbà pé òǹkà náà le jù, àti pé yóò da ọmọ rú nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò rẹ̀. Wọn kò sì dá nìkan wà nínú èrò yìí, nítorí pé ní Nàìjíríà pàápàá, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe iye owó àti nọ́ńbà fóònù láàárín gbólóhùn Yorùbá. Àpilẹ̀kọ yìí fi hàn pé òǹkà Yorùbá gbé ọgbọ́n kan dání tí àwọn olùkọ́ ìṣirò ní Chicago ń sapá láti kọ́ àwọn ọmọ. Ó sì fi hàn pé ọgbọ́n náà kò lè so èso bí kíkà lásán ni a bá fi òǹkà ọ̀hún mọ sí.

Ohun tí ìṣirò àfọkànṣe ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ

Ìṣirò àfọkànṣe kì í ṣe ìdíje ìyára. Ọmọ tí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ń lo ohun mẹ́ta pọ̀. Èkíní ni àwọn ìdáhùn kéékèèké tí ó ti mọ̀ lórí, irú bí mẹ́fà àti mẹ́rin tí í ṣe mẹ́wàá. Èkejì ni mímọ bí a ṣe ń tú nọ́ńbà palẹ̀ kí a sì tún un tò lọ́nà tí ó rọrùn. Ẹ̀kẹta ni dídi ìdáhùn àárín ọ̀nà mú nínú ọkàn títí tí iṣẹ́ yóò fi parí. Ibi ẹ̀kẹta yìí ni ìṣirò ti sábà máa ń dàrú mọ́ ọmọ lójú, nítorí pé ohun tí ọkàn lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà kò pọ̀. Nítorí náà, ọgbọ́n tí ó dára jù ni èyí tí ó bá dín ẹrù náà kù.

Chicago àti agbègbè rẹ̀ ti kó ipa nínú ìwádìí lórí kókó yìí. Ní ọdún 1983 ni wọ́n dá ètò ẹ̀kọ́ ìṣirò kan sílẹ̀ ní Yunifásítì ti Chicago, èyí tí a mọ̀ sí University of Chicago School Mathematics Project. Láti inú rẹ̀ ni ìwé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Everyday Mathematics ti jáde. Max Bell wà lára àwọn òǹkọ̀wé pàtàkì rẹ̀. Ìwé náà fi àyè sílẹ̀ fún ìdánrawò ẹnu kúkúrú nínú ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́, ó sì gba àwọn ọmọ níyànjú láti wá ju ọ̀nà kan ṣoṣo lọ sí ìdáhùn. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà: àwọn kan sọ pé ó yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ mọ ìlànà orí ìwé dunjú, àwọn mìíràn sọ pé ẹni tí ó mọ ìlànà láìmọ ìdí rẹ̀ kò tíì mọ ìṣirò.

Ní Evanston, ìlú tí ó bá Chicago pààlà ní àríwá, Karen Fuson ti Yunifásítì Northwestern fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí bí orúkọ nọ́ńbà ṣe ń ran ọmọ lọ́wọ́ tàbí dí i lọ́wọ́. Ìwé rẹ̀ lórí bí àwọn ọmọdé ṣe ń ka nǹkan àti bí wọ́n ṣe ń lóye nọ́ńbà jáde ní ọdún 1988. Ó tọ́ka sí i pé orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún mọ́kànlá àti méjìlá kò fi ẹ̀wá tí ó wà nínú wọn hàn. Ní èdè Ṣáínà, Kòríà àti Japan, orúkọ mọ́kànlá ń sọ ẹ̀wá àti ọ̀kan ní gbangba. Ó rọrùn nígbà náà fún ọmọ láti rí i pé mẹ́jọ pẹ̀lú mẹ́fà kò yàtọ̀ sí mẹ́wàá pẹ̀lú mẹ́rin: yóò mú méjì nínú mẹ́fà láti fi pé mẹ́wàá, mẹ́rin yóò sì ṣẹ́kù.

Ìpínlẹ̀ Illinois gba òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́ Common Core ní ọdún 2010. Òṣùwọ̀n náà fẹ́ kí ọmọ kíláàsì kìíní lè lo irú ọgbọ́n pípé ẹ̀wá yìí, kí ọmọ kíláàsì kejì sì lè fi ọkàn ṣe àròpọ̀ àti àyọkúrò tí kò ju ogún lọ láìlọ́ra. Kókó ọ̀rọ̀ náà ni pé kí ọmọ mọ nọ́ńbà tí ó pé, kí ó mọ bí nọ́ńbà ọwọ́ rẹ̀ ṣe jìnnà sí i tó, kí ó sì lo ìyàtọ̀ náà. Ohun tí òǹkà Yorùbá gbé kalẹ̀ gan-an nìyẹn.

Bí orúkọ nọ́ńbà Yorùbá ṣe ń ṣiṣẹ́

Láti ení dé ẹ̀wá, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Láti mọ́kànlá lọ sókè ni ètò náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà kan dúró bí òpó: ogún, ọgbọ̀n, ogójì, àádọ́ta, ọgọ́ta, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn yòókù ń gba orúkọ wọn nípa bí wọ́n ṣe jìnnà sí òpó tí ó sún mọ́ wọn. Bí nọ́ńbà bá fi ọ̀kan dé mẹ́rin ju òpó lọ, a ó lo “lé”: mọ́kànlélógún, méjìlélógún, mẹ́tàlélógún, mẹ́rìnlélógún. Bí ó bá fi márùn-ún dé ọ̀kan dín sí òpó tí ó tẹ̀ lé e, a ó lo “dín”: márùndínlọ́gbọ̀n, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, méjìdínlọ́gbọ̀n, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni láti mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, níbi tí “lá” ti dúró fún lílé tí nọ́ńbà náà lé lórí ẹ̀wá.

Àwọn òpó náà ní ìṣirò tiwọn nínú. Ogún ni ìpìlẹ̀. Ogójì jẹ́ ogún méjì, ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta, ọgọ́rin jẹ́ ogún mẹ́rin, ọgọ́rùn-ún jẹ́ ogún márùn-ún. Àwọn tí ó wà láàárín wọn ń gba orúkọ nípa dídín mẹ́wàá kù: àádọ́ta ni ọgọ́ta tí ó dín mẹ́wàá, àádọ́rin ni ọgọ́rin tí ó dín mẹ́wàá, àádọ́rùn-ún ni ọgọ́rùn-ún tí ó dín mẹ́wàá. Ọgbọ̀n nìkan ni ó yàtọ̀, nítorí pé ó ní orúkọ tirẹ̀.

Adolphus Mann, ajíhìnrere ará Jámánì tí ó ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ CMS ní Ìjàyè, kọ àkọsílẹ̀ lórí òǹkà yìí tí ó jáde ní ọdún 1887. Ó so ó pọ̀ mọ́ kíka owó ẹyọ. Ẹni tí ń kà á yóò da owó ẹyọ sílẹ̀, yóò máa fa á ní márùn-ún márùn-ún. Nígbà tí ó bá ti fa márùn-ún lọ́nà ogún, ọgọ́rùn-ún pé. Ọgọ́rùn-ún méjì ni a óò gbá pọ̀ di igba. Ọ̀kẹ́ kan, tí í ṣe àpò owó ẹyọ, jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Òǹkà àwọn ènìyàn tí ń ka ohun púpọ̀ pẹ̀lú ọwọ́, tí wọ́n sì ń ṣe òwò pẹ̀lú rẹ̀, ni èyí. Claudia Zaslavsky mú ọ̀rọ̀ òǹkà Yorùbá dé etí àwọn olùkọ́ ní Amẹ́ríkà nínú ìwé rẹ̀ Africa Counts, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1973.

Àbájáde kan wà nínú ètò yìí tí ó yẹ kí olùkọ́ ọmọdé fojú sí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Láti mọ́kànlá títí kọjá ọgọ́rùn-ún, kò sí nọ́ńbà tí orúkọ rẹ̀ jìnnà sí òpó rẹ̀ ju márùn-ún lọ. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ó lè jìnnà tó mẹ́sàn-án. Ẹni tí ó ní 38 lọ́wọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ọgbọ̀n àti mẹ́jọ láti gbé. Ẹni tí ó ní méjìdínlógójì ní ogójì àti méjì láti gbé. Méjì fúyẹ́ ju mẹ́jọ lọ nínú ọkàn ọmọdé.

Ìṣirò inú orúkọ

Àpẹẹrẹ yóò fi èyí hàn. Kí ọmọ fi ọkàn ṣe àròpọ̀ 38 àti 27. Ní ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì tí ó wọ́pọ̀, yóò ro mẹ́jọ pọ̀ mọ́ méje, yóò rí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò di ọ̀kan mú fún ipò ẹ̀wá, yóò ro ọgbọ̀n pọ̀ mọ́ ogún, yóò tún fi ẹ̀wá tí ó dì mú kún un. Ní Yorùbá, orúkọ àwọn nọ́ńbà náà ni méjìdínlógójì àti mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ogójì àti ọgbọ̀n jẹ́ àádọ́rin. Méjì àti mẹ́ta tí ó dín jẹ́ márùn-ún. Àádọ́rin ó dín márùn-ún: márùndínláàádọ́rin. Orúkọ ìdáhùn ni ìgbésẹ̀ tí ó kẹ́yìn nínú ìṣirò náà.

Bí “dín” àti “lé” bá pàdé, wọn yóò jẹ ara wọn. Méjìdínlógójì pẹ̀lú mẹ́tàlélógún: ogójì àti ogún jẹ́ ọgọ́ta, méjì dín, mẹ́ta lé, ọ̀kan ni ó ṣẹ́kù lórí. Ìdáhùn ni mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ọmọ tí ó bá ti ṣe irú èyí ní ìgbà mélòó kan ti ń kọ́ ìpìlẹ̀ ohun tí yóò tún bá pàdé ní kíláàsì gíga, níbi tí a ti ń kọ́ nípa nọ́ńbà tí ó wà lábẹ́ òdo.

Ìsọdipúpọ̀ náà ń jàǹfààní. Kí ni 18 lọ́nà márùn-ún? Méjìdínlógún ni ogún tí ó dín méjì. Ogún márùn-ún ni ọgọ́rùn-ún. Méjì márùn-ún ni mẹ́wàá. Ọgọ́rùn-ún tí ó dín mẹ́wàá ni àádọ́rùn-ún. Bákan náà ni 19 lọ́nà mẹ́fà: ogún mẹ́fà ni ọgọ́fà, yọ mẹ́fà kúrò, ó ku 114, tí í ṣe mẹ́rìnléláàádọ́fà.

Nínú àyọkúrò, orúkọ nọ́ńbà ń sọ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ fún ẹni tí ó ń ka ìyàtọ̀ lọ sókè. Láti rí ìyàtọ̀ láàárín 62 àti 38, ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ láti méjìdínlógójì: méjì ni ó kù kí ó pé ogójì, láti ogójì dé méjìlélọ́gọ́ta jẹ́ méjìlélógún, àpapọ̀ rẹ̀ ni mẹ́rìnlélógún. Ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò fi ń ka ṣéńjì lé oníbàárà lọ́wọ́ nìyí.

Ibì kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́ra. Bí a bá fẹ́ yọ 29 kúrò nínú 74, ọmọ lè yọ ọgbọ̀n, kí ó rí 44, kí ó sì tún yọ ọ̀kan sí i nítorí pé ó gbọ́ “dín” nínú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Àṣìṣe ni. Ẹni tí ó yọ ọgbọ̀n ti yọ ju bí ó ṣe yẹ lọ. Ó ní láti dá ọ̀kan padà. Ìdáhùn ni 45. Owó ni ó dára jù láti fi ṣàlàyé èyí: ẹni tí ó jẹ gbèsè dọ́là mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tí ó sì san ọgbọ̀n, ṣéńjì ni ó yẹ kí ó gbà, kì í ṣe pé kí ó tún san owó mìíràn.

Ohun tí Ilé-Ifẹ̀ fi hàn

Ìbẹ̀rù pé òǹkà Yorùbá yóò da ọmọ rú kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1970, ní Ilé-Ẹ̀kọ́ St. Stephen’s “A” ní Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀, ètò kan bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìdarí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ń kọ́ wọn. Ìwé tí ó ròyìn ètò náà jáde ní ọdún 1989. Ohun tí ó fi hàn ni pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò gbẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́ nínú ìṣirò, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Yunifásítì Ifẹ̀ kan náà ni Helen Verran, ará Australia, ti kọ́ àwọn olùkọ́ ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní àwọn ọdún 1980. Ìwé tí ó kọ lórí ìrírí náà, Science and an African Logic, jáde láti ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì ti Chicago ní ọdún 2001. Nígbà tí ó kọ́kọ́ ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ náà, ó gbà pé nọ́ńbà Yorùbá àti nọ́ńbà Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ayé méjì tí ó yàtọ̀ pátápátá. Nínú ìwé náà, ó padà lẹ́yìn àlàyé yẹn. Ó ti rí àwọn olùkọ́ Yorùbá tí wọ́n ń lọ láti ọ̀dọ̀ èkíní sí èkejì nínú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, tí àwọn ọmọ sì ń bá wọn lọ. Ẹ̀kọ́ tí ìdílé ní Chicago lè rí fà yọ ni pé nọ́ńbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Ó jẹ́ ohun tí à ń fi ọwọ́, ojú àti ẹnu ṣe pọ̀. Ọmọ lè mọ ọ̀nà méjì, bí a bá jẹ́ kí ó rìn ín.

Àwọn ìdíwọ́ tí a kò gbọdọ̀ fojú fo

Ìdíwọ́ àkọ́kọ́ ni ti ipò nọ́ńbà lórí ìwé. A kọ 35 pẹ̀lú ẹ̀ta àti àrún, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá ń dárúkọ ogójì. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lè gbọ́ “márùndínlógójì” kí ó sì kọ 45. Nítorí náà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi nọ́ńbà hàn án lórí ìlà gígùn, kí ó rí i pé 35 wà lẹ́yìn ọgbọ̀n, àti pé ó ku ìṣísẹ̀ márùn-ún kí ó dé ogójì. Orúkọ méjèèjì yóò wá di ọ̀nà méjì tí a gbà wo ibì kan náà.

Ìdíwọ́ kejì ni pé “dín” kò ju márùn-ún lọ. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n pẹ̀lú mẹ́rìndínlógójì yóò fún wa ní àádọ́rin tí ó dín mẹ́jọ, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ní láti yí sí òpó mìíràn: méjìlélọ́gọ́ta. Ìgbésẹ̀ yìí nílò ìdánrawò, ó sì dára kí a má ṣe gbé e fún ọmọ kí ó tó mọ àwọn tí ó rọrùn.

Ìkẹta ni pé àwọn orúkọ kan fi “dín” pamọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe 15 ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n sì ń pe 25 ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọmọ kì í tètè rí àrún nínú wọn. Fún ẹ̀kọ́ ìṣirò, ó yẹ kí a kọ́kọ́ lo márùndínlógún àti márùndínlọ́gbọ̀n. Ohùn náà tún wà níbẹ̀. Ọgbọ̀n kì í ṣe ọgbọ́n, ogún kì í ṣe ogun, igba kì í ṣe igbá. Ẹni tí ń kọ́ èdè nílẹ̀ òkèèrè kò gbọdọ̀ kọ́ nọ́ńbà láìkọ́ ohùn rẹ̀.

Ìkẹrin ni ó jinlẹ̀ jù. Ní ọdún 2001, Elizabeth Spelke àti Sanna Tsivkin tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí wọ́n gbọ́ èdè Rọ́ṣíà àti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n rí i pé ìṣirò pàtó tí ènìyàn fi èdè kan kọ́ máa ń yá a lára jù ní èdè náà. Ìfojúdíwọ̀n iye kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ èyí fún ọmọ Chicago ni pé mímọ orúkọ nọ́ńbà Yorùbá kò tó. Bí kò bá tíì ṣírò ní Yorùbá rí, òǹkà náà yóò kàn jẹ́ orin lẹ́nu rẹ̀. Ìdáhùn tí ó há sórí ní Gẹ̀ẹ́sì kì í dédé di ti Yorùbá. Ohun tí ó ṣeé gbé láti èdè kan sí èkejì ni ọgbọ́n tí ó ti yé e: wá òpó, wo ohun tí ó dín tàbí tí ó lé, kí o sì lò ó.

Bí a ṣe lè kọ́ ọmọ

Àwọn ìpele mẹ́rin tí ó tẹ̀ lé ara wọn yìí bá ọmọ ọdún mẹ́fà dé mẹ́wàá mu, nílé tàbí ní kíláàsì òpin ọ̀sẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ sàn ju wákàtí kan lọ́sẹ̀ lọ.

Ní ìpele kìíní, òpó ni kí ọmọ mọ̀: ẹ̀wá, ogún, ọgbọ̀n, ogójì, títí dé ọgọ́rùn-ún. Kí a to ẹ̀wà sílẹ̀ ní ogún ogún, kí ó lè rí ọgọ́ta bí ogún mẹ́ta. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí a máa bi í: ó ku mélòó kí ó pé? Bí ẹ̀wà méjìdínlógún bá wà nílẹ̀, yóò fi ojú rí méjì tí ó kù.

Ní ìpele kejì, kí àgbà pe orúkọ nọ́ńbà, kí ọmọ tú u palẹ̀ lẹ́nu. Bí a bá pe mẹ́rìndínláàádọ́ta, yóò dáhùn pé: “Àádọ́ta, dín mẹ́rin.” Bí a bá pe mẹ́tàlélọ́gọ́rin, yóò dáhùn pé: “Ọgọ́rin, lé mẹ́ta.” Lẹ́yìn náà ni kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní òǹtẹ̀ nọ́ńbà, kí ó sì sọ orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni ìdíwọ́ ipò nọ́ńbà yóò ti tú.

Ní ìpele kẹta, kí ìṣirò bẹ̀rẹ̀: dín pẹ̀lú dín, lé pẹ̀lú lé, lẹ́yìn náà dín pẹ̀lú lé. Kí ọmọ máa sọ bí ó ṣe dé ìdáhùn rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá gbọ́ ọ̀nà tí ọmọ gbà yóò mọ ibi tí ó ti ṣìnà. Ẹni tí ó gbọ́ ìdáhùn nìkan kò lè mọ̀ ọ́n.

Ní ìpele kẹrin, kí a gbé ìṣirò náà lọ sínú ohun tí ọmọ ń ṣe. Ní Recife, ní Brazil, Terezinha Nunes Carraher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàkíyèsí àwọn ọmọ tí ń tajà ní òpópónà. Ìròyìn wọn jáde ní ọdún 1985. Àwọn ọmọ náà ń ṣírò iye ọjà láìṣìṣe lẹ́nu òwò, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣìṣe nígbà tí a gbé irú ìṣirò kan náà fún wọn lórí ìwé. Ní Chicago, ọmọ lè ka ṣéńjì fún ìyá rẹ̀ ní ilé ìtajà: bí ọjà bá jẹ́ dọ́là mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, tí a sì san ọgọ́rùn-ún, kò sí ìdí láti wo ojú ẹ̀rọ.

Ayò náà wúlò. Ọpọ́n ayò ní ilé méjìlá, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní ọmọ ayò mẹ́rin ní ìbẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin lọ́nà méjìlá jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Bí ẹnì kan bá ti jẹ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, mélòó ni ó kù? Yọ ọgbọ̀n kúrò nínú àádọ́ta, ó ku ogún. Méjì dín nínú èyí àkọ́kọ́, ọ̀kan ni a óò dá padà nínú èkejì; ó ku mọ́kàndínlógún. Ẹni tí ó ń ta ayò ti ń ka iye ọmọ inú ilé kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́kàn án, ó sì ti ń wo ibi tí èyí tí ó kẹ́yìn yóò bọ́ sí. Ìṣirò àfọkànṣe ni eré náà jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Ìkádìí

Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó retí pé òǹkà Yorùbá yóò gba ipò òǹkà tí ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní Chicago. Àwọn nọ́ńbà ńlá gùn ní Yorùbá, ìṣirò orí ìwé sì ti bá ẹ̀wá ẹ̀wá rìn. Àmọ́ láàárín mọ́kànlá àti ọgọ́rùn-ún, níbi tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń lo ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ nọ́ńbà Yorùbá ń ṣe iṣẹ́ tí olùkọ́ rẹ̀ ń fi àlàyé gígùn kọ́ ọ. Ìdílé tí ó bá dúró ní ẹ̀wá ti dúró ní ibi tí iṣẹ́ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò sí “dín” tàbí “lé” kankan láàárín ení àti ẹ̀wá. Àwọn òbí àti olùkọ́ tí wọ́n fẹ́ kí òǹkà náà wà láàyè lẹ́nu àwọn ọmọ wọn ní láti mú wọn kọjá ibẹ̀, kí wọ́n sì fún wọn ní ohun tí wọn yóò fi òǹkà náà ṣírò.